Ẹ Má Fi Oúnjẹ Du Iṣan Yín: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Àgbà Àgbẹ̀ Tó Ní Àìsàn Ìtọ̀ Ṣúgà

  Nínú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ajílẹ̀ àti kòkòrò la sábà máa ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ara àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọkọ́ kì í dá roko, ọwọ́ tó dì í mú ló ń roko.

Bàbá kan wà ní abúlé kan tí mo ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 65. Àgbẹ̀ gidi ni wọ́n. Tí mo bá dé oko wọn ní aago méje àárọ̀, ebè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ á ti pọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dé, mo bá wọn lórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Wọ́n ní, "Iṣẹ́ wo, Agíríkì? Ọkọ́ ti wúwo jù mí lọ báyìí."

Wọ́n fẹ́ dìde kí wọ́n mú mi lọ wo ẹ̀gẹ́ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, wọ́n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n tún jókòó padà. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó lè dìde. Mo wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ní láti ìgbà tí ilé ìwòsàn ti sọ pé àwọn ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn ọ̀rẹ́ ti kìlọ̀ fún àwọn pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n àti ewédú nìkan ni kí àwọn máa jẹ. Ẹyin ńkọ́? Wọ́n ní títà ni àwọn ń ta á. Ẹ̀wà ńkọ́? Wọ́n ní ó ń fẹ́ inú. Ẹja ńkọ́? Wọ́n ní ti àwọn ọmọ ni.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ ogbó ló dé yẹn."

Ìyàwó wọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ nítòsí ló gbé orí sókè. Ìyá ní, "Agíríkì, kì í ṣe ọjọ́ ogbó nìkan o. Ṣòkòtò tí wọ́n wọ̀ lọ́dún tó kọjá kò dúró ní ìdí wọn mọ́."

Òótọ́ ni Ìyá sọ. Bàbá ń sá fún ṣúgà, wọn kò sì mọ̀ pé iṣan ara wọn ni ebi ń pa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn lónìí. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì lè yan oògùn fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti oko wa ni oúnjẹ ti ń wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan àwa òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ náà.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ARA?

Ẹ̀bà, iyán, àmàlà, ẹ̀kọ, ìrẹsì àti búrẹ́dì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jẹ wọ́n tán. Ṣúgà yìí kì í ṣe ọ̀tá. Òun ni ara fi ń ṣiṣẹ́, bí ọkọ̀ ṣe ń lo epo. Àmọ́ kò lè dá wọ inú iṣan, ìyẹn ẹran ara tó ń gbé egungun wa rìn. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní ínsúlíìnì ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ló ń ṣe ínsúlíìnì náà.

Nínú ẹni tó ní irú àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn àgbà, kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣí ilẹ̀kùn dáadáa mọ́, tàbí kó máà tó, tàbí kó jẹ́ méjèèjì. Ṣúgà á wá kún inú ẹ̀jẹ̀, á máa bá ìtọ̀ jáde, síbẹ̀ ebi á máa pa iṣan. Ó dà bí ẹni tó ní àká tó kún fún àgbàdo, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, tí ebi sì ń pa á lẹ́nu ọ̀nà àká.

Kí ni ara á wá ṣe? Ẹ wo àgbàdo yín. Tí nítírójìn kò bá tó nínú ilẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń pọ́n, láti ṣóńṣó rẹ̀ bọ̀ wá sí àárín. Ìdí ni pé àgbàdo náà ń fa nítírójìn kúrò nínú ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tuntun. Ara ènìyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní purotéènì, ni ara fi ń kọ́ iṣan, òun náà ló sì fi ń tún un ṣe. Ẹ̀wà, ẹja, ẹran, ẹyin àti wàrà la ti ń rí i. Tí a kò bá jẹ ẹ́ tó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fa tirẹ̀ láti inú iṣan itan, ìdí, apá àti èjìká. Ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n nìyẹn.

Nǹkan mẹ́ta ló ń pàdé lára àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà:

(a) Ọjọ́ orí. Iṣan gbogbo ènìyàn ló ń dínkù bí ọjọ́ orí bá ń lọ sókè, ó sì máa ń yá sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún.

(b) Àìsàn náà. Ínsúlíìnì tó ń gbé ṣúgà wọ iṣan náà ló tún ń bá wa dáàbò bo iṣan kí ó má baà yó dànù. Tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, iṣan á máa joro.

(d) Ìbẹ̀rù oúnjẹ. Èyí la ń fi ọwọ́ ara wa fà, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di kókó nìyí. Lẹ́yìn tí a bá jẹun, iṣan ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ni àká ṣúgà. Tí iṣan bá kéré, àká kéré nìyẹn, ṣúgà á sì dúró pọ̀ síta nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ kí ṣúgà lè wálẹ̀, àká tó yẹ kí ṣúgà wọ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ wó.

BÁWO LẸ ṢE LÈ MỌ̀ PÉ IṢAN Ń DÍNKÙ?

Ẹ ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí:

1. Ṣòkòtò tàbí ìró ń tú, láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ fọn.
2. Ẹ ò lè dìde lórí àpótí láì fi ọwọ́ ti nǹkan.
3. Kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹ ń gbé tẹ́lẹ̀ ti wá wúwo, ọwọ́ kò sì lè ṣí ìdérí ìgò mọ́.
4. Ẹ ń rìn díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí ẹ ń ṣubú.
5. Ó ń rẹ̀ yín kí oòrùn tó mú.

Ìdánwò kékeré kan wà tí ẹ lè ṣe nílé. Ẹ jókòó lórí àga tó dúró dáadáa, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Ẹ ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Ẹ dìde dúró gbọnrangandan, kí ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀marùn-ún, bí ẹ bá ṣe lè yára tó. Kí ọmọ kan fi aago ọwọ́ tàbí fóònù ṣírò rẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró tì yín nítorí ìṣubú. Tó bá gbà yín ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, tàbí tí ẹ ò lè ṣe é tán, agbára iṣan ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ló jẹ́ ti iṣan o. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń mú kó rẹ ènìyàn, á tún máa gbẹ ẹ́ ní ọ̀fun, á sì máa jí i tọ̀ lóru. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, àìsàn kíndìnrín àti àìsàn ọkàn náà ń fa àárẹ̀. Oògùn metformin tí ọ̀pọ̀ ń lò dára púpọ̀, àmọ́ tí ènìyàn bá ti lò ó fún ọdún pípẹ́, ó lè dín fítámì B12 kù lára, èyí sì ń fa àárẹ̀ àti kí ẹsẹ̀ máa kú tipiri. Inú ẹja, ẹran, ẹyin àti wàrà ni fítámì yìí wà, kò sí nínú ewébẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dá oògùn dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò.

ÀṢÌṢE TÍ A SÁBÀ MÁA Ń GBỌ́

"Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n kò ní ṣúgà." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń di ṣúgà nínú ara bí àwọn ìyókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má yára tó ẹ̀bà tàbí ìrẹsì funfun. Tí ẹ bá jẹ òkèlè rẹ̀ tó pọ̀, ṣúgà á gòkè. Purotéènì inú rẹ̀ sì kéré gan-an. Ẹ lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi òun nìkan ṣe oúnjẹ.

"Ẹyin àti ẹran kò yẹ àgbà." Àgbà gan-an ló nílò purotéènì ju ọ̀dọ́ lọ, nítorí ara àgbà kì í tètè fi èyí tó jẹ kọ́ iṣan. Ohun tó yẹ kí ẹ dínkù ni ọ̀rá, awọ tó lọ́ràá àti díndín inú òróró. Ẹ sè é, ẹ sun ún, tàbí kí ẹ fi sínú ọbẹ̀.

"Ẹ̀wà ń fẹ́ inú." Òótọ́ ni pé ó ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ fi omi tuntun sè é. Tàbí kí ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ fi se gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀kuru. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, inú á mọ̀ ọ́n.

"Tí mo bá gbààwẹ̀, ṣúgà á wálẹ̀." Ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà tó sì fo oúnjẹ lè ṣubú lulẹ̀ nínú oko. A máa sọ̀rọ̀ lórí èyí níwájú.

"Oyin kì í ṣe ṣúgà." Ṣúgà ni. Oyin ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè.

OÚNJẸ WO, BÁWO LÓ ṢE YẸ KÓ TÓ?

Ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń dámọ̀ràn fún àwọn àgbà ni purotéènì tó tó gíráàmù 1 sí gíráàmù 1.2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Tí ẹ bá wọn kílò 60, ẹ nílò gíráàmù 60 sí 72 lójúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí òǹkà yìí dẹ́rù bà yín. Ẹ wo bí àwọn oúnjẹ wa ṣe rí:

• Ẹyin adìyẹ kan: nǹkan bí gíráàmù 6
• Ife kan ẹ̀wà sísè: nǹkan bí gíráàmù 13
• Ẹja sísè tàbí ẹran sísè tó wọn gíráàmù 100, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́: ó lé ní gíráàmù 20
• Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan, ìyẹn gíráàmù 30: nǹkan bí gíráàmù 7
• Gààrí gíráàmù 100: kò ju bí gíráàmù 1 sí 2 lọ

Ẹ rí i pé tí ènìyàn bá fi ẹ̀bà yó ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì ní nǹkan nínú, iṣan rẹ̀ kò rí nǹkan kan jẹ.

Nǹkan kejì ni pé kí ẹ pín in sí ìgbà mẹ́ta. Ara àgbà kò lè lo gbogbo rẹ̀ dáadáa tí ẹ bá dúró di alẹ́ kí ẹ tó jẹ ẹja ńlá kan. Bí a ṣe ń pín ajílẹ̀ yúríà fún àgbàdo, tí a kì í dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Àpẹẹrẹ oúnjẹ ọjọ́ kan fún àgbà tó wọn nǹkan bí kílò 60 nìyí:

Àárọ̀: ife kan ẹ̀wà sísè pẹ̀lú ẹyin kan àti ẹ̀fọ́. Tàbí mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ẹyin àti ẹja sí, pẹ̀lú ẹ̀kọ kékeré kan.

Ọ̀sán: òkèlè tí kò ju ìkúùkù yín lọ, ẹ̀fọ́ rírò tó pọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀gúsí sí, àti ẹja tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́.

Alẹ́: àmàlà kékeré, gbẹ̀gìrì àti ewédú, àti ẹja tàbí adìyẹ tó tó ìdajì ti ọ̀sán tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Gbogbo èyí lè fún yín ní nǹkan bí gíráàmù 60 purotéènì. Tí ẹ bá fẹ́ ọ̀nà tó rọrùn, ẹ fi ojú pín abọ́ yín: ìdajì jẹ́ ẹ̀fọ́, ilá tàbí ewébẹ̀ mìíràn, ìdámẹ́rin jẹ́ òkèlè tàbí ìrẹsì, ìdámẹ́rin tó kù jẹ́ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran. Ilé wa sábà máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀, òkèlè á pọ̀ bí òkè, ẹran á dà bí òwò. Ẹ yí i padà.

Ìkìlọ̀ pàtàkì: Tí wọ́n bá ti sọ fún yín pé kíndìnrín yín ní ìṣòro, ẹ má fi purotéènì kún oúnjẹ yín láì bi dókítà. Ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

LÁTI INÚ OKO DÉ INÚ ÌKÒKÒ

Ẹ lè sọ pé, "Agíríkì, owó ẹja dà?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ta ẹyin, ẹ̀wà àti adìyẹ, tí a sì ń fi owó rẹ̀ ra gààrí àti ṣúgà. Ẹ má ta gbogbo rẹ̀ tán. Ìpín àgbà ilé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

1. Ẹ̀wà: Ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn wa níbí, ẹ lè gbìn ín láti àárín oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹsàn-án, kí ó lè gbó nígbà tí òjò bá ti ń lọ. Ó tún ń dá nítírójìn padà sínú ilẹ̀ fún àgbàdo ọdún tó ń bọ̀. Kí ẹ tó ta á, ẹ bu èyí tí ilé á jẹ sọ́tọ̀, kí ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa, kí ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ẹ sì dé e pa nítorí kòkòrò.

2. Ẹ̀wà sóyà: Purotéènì inú rẹ̀ ju ti ẹ̀wà tí a mọ̀ lọ dáadáa. Ẹ lè fi ṣe wàrà sóyà, kí ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀wà fún mọ́ínmọ́ín, tàbí kí ẹ fi ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ọbẹ̀ dípò ìdajì ẹ̀gúsí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sè é jinná dénú. Sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ara lo purotéènì, iná ló ń pa á.

3. Adìyẹ: Ẹyin kan lójúmọ́ fún Bàbá tàbí Ìyá jẹ́ kíréètì kan péré lóṣù. Adìyẹ ìbílẹ̀ kan kò lè yé ẹyin lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní abo mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹyin kò ní wọ́n yín púpọ̀.

4. Ẹja àrọ̀, ìgbín, edé àti ẹja gbígbẹ: Ẹ̀kúnwọ́ edé lílọ̀ nínú ẹ̀fọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀ nínú ẹja oníyọ̀, pàápàá tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

5. Ẹ̀fọ́: Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro sí ẹ̀yìn ilé. Ewúro dára nínú ọbẹ̀, àmọ́ ẹ má fi omi rẹ̀ dípò oògùn tí dókítà fún yín.

IṢAN TÍ KÒ ṢIṢẸ́ Ń JORO

Oúnjẹ nìkan kò tó. Ajílẹ̀ láìsí omi, kò lè wọ gbòǹgbò. Iṣẹ́ ló ń sọ fún ara pé, "Ibí yìí ni kó o kọ́." Tí iṣan bá sì ń ṣiṣẹ́, ó lè gba ṣúgà wọlé kódà tí ínsúlíìnì kò bá tó nǹkan. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ara fúnra rẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ má gbà kí àwọn ọmọ sọ pé, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ má ṣe nǹkan kan." Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ìpalára. Kí àgbà dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá péré ti tó láti dín iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kù. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, wọ́n ní kí àwọn àgbà máa ṣe ìṣẹ́ ara tó mú èémí sókè díẹ̀, bíi rírìn kíákíá, fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Kí wọ́n ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì máa ṣe èyí tó ń mú ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lílọ sí oko àti bíbọ̀ ń ka mọ́ ti rírìn. Fún iṣan, ẹ fi ìwọ̀nyí kún un:

• Dídìde àti jíjókòó lórí àga, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Tí ó bá le, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti àga.
• Ẹ di ògiri mú, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.
• Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí ẹ fi àyà sún mọ́ ọn, kí ẹ tún ti ara yín padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.
• Ẹ rọ yanrìn tàbí omi sínú ìgò ike méjì, ẹ máa gbé wọn sókè-sódò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kékeré. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dúró, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má rìn láìwọ bàtà nínú oko. Ìtọ̀ ṣúgà lè mú kí ẹsẹ̀ má mọ ìrora mọ́, ẹ̀gún á wọlé, ẹ ò ní mọ̀, ó sì lè di egbò tí kì í jiná. Ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò ní alalẹ́.

TÍ ṢÚGÀ BÁ JÁ WÁLẸ̀ NÍNÚ OKO

Èyí ló léwu jù fún àgbẹ̀, nítorí oko jìnnà sílé. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide, tó wá lọ kọ ebè láìjẹun, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ọtí líle àti párágà tún ń dá kún un. Àmì rẹ̀ nìyí: òógùn tútù, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí àyà máa já, ebi òjijì, òòyì, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́. Àwọn ènìyàn lè rò pé ọtí ló ń pa á. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí ń wọn ṣúgà, tó bá fi òǹkà tó kéré sí 70 mg/dl hàn, ó ti lọ sílẹ̀ jù.

Ohun tí ẹ máa ṣe:

1. Ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ kóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí kí ẹ mu ìdajì ife ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà.
2. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Tí kò bá tíì lọ, ẹ tún un jẹ.
3. Tó bá ti rọlẹ̀, ẹ jẹ oúnjẹ gidi, kí ẹ sì padà sílé. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí.
4. Tí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ máa fi kóró ṣúgà sínú ọ̀rá lápò ṣòkòtò oko yín nígbà gbogbo. Ẹ mu omi dáadáa nínú oòrùn. Ẹ má dá nìkan lọ sí oko tó jìnnà. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ sọ fún dókítà, ó lè jẹ́ pé oògùn náà ti pọ̀ jù fún yín. Bákan náà, tí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ ara kún iṣẹ́ yín tàbí tí ẹ fẹ́ dín òkèlè kù, ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn mọ̀, kí wọ́n lè bá yín ṣètò oògùn.

Ẹ lè fẹ́ mọ bí ti Bàbá ṣe wá rí. Ìyá ló mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, dókítà sì tún oògùn wọn tò. Ìyá gba àkóso ẹyin lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e lọ sí ọjà. Ó ní, "Èyí tí Bàbá kò bá jẹ ni a ó tà." Gbẹ̀gìrì wọ ilé padà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ-ọmọ wọn ń bá wọn ka dídìde àti jíjókòó, "Ení, èjì, ẹ̀ta..." Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́rin, mo dé bẹ̀, wọ́n dìde lórí àpótí láì fi ọwọ́ ti nǹkan kan, wọ́n mú mi lọ wo ẹ̀gẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n padà di ọmọ ọgbọ̀n ọdún o. Ebè tí wọ́n ń kọ kò tó ti tẹ́lẹ̀, ṣúgà náà sì wà lára wọn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń lọ sí oko wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ń bọ̀.

Ẹ RÁNTÍ

• Àárẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ogbó nìkan. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.
• Ẹ dín òkèlè kù, ẹ má dín ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin kù.
• Ẹ jẹ purotéènì ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́.
• Ẹ lo iṣan yín lójoojúmọ́.
• Kóró ṣúgà lápò, bàtà lẹ́sẹ̀, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́.
• Tí kíndìnrín bá ní ìṣòro, ẹ bi dókítà kí ẹ tó yí oúnjẹ padà.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa gbígbin ẹ̀wà àti sóyà, tàbí bí a ṣe ń sin adìyẹ, ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ agbègbè yín wò. Ẹ ka ìwé yìí sí etí àwọn àgbà tí kò lè kà á fúnra wọn. Ọlọ́run á jẹ́ kí a jẹ èrè oko wa pẹ́.